IP kì í ṣe àdírẹ́sì ilé o

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ọ̀gá. Ẹnì kan fi fake alert gba bàtà lọ́wọ́ mi. Mo rí IP ẹ̀ lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì tí mo fi ń tajà, mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí máàpù, ó gbé mi lọ síwájú ilé kan n'Íkẹjà. Ṣé kí n kó àwọn bọ́ìsì lọ ká a mọ́lé?

Ìdáhùn: Ẹ má kó ẹnì kankan lọ síbì kankan o, ẹ jọ̀ọ́! Ẹni kẹta rèé tó máa bi mí nírú ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, àwọn tó ń ta áàpù "fi IP mọ ilé ẹni" fún yín ló sì ń bí mi nínú jù.

Nọ́ńbà lásán ni IP, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń fún fóònù tàbí rúútà kí ohun tẹ́ ẹ béèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè rí ọ̀nà padà wá bá yín. Ìkẹjà tí máàpù yẹn fi hàn, ìméfò ni. Àwọn iléeṣẹ́ bíi MaxMind máa ń wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ni nọ́ńbà, wọ́n á wá fojú díwọ̀n ibi tó ṣeé ṣe kó wà. Orílẹ̀-èdè, wọ́n sábà máa ń gbà á. Ìlú, ó máa ń ṣì wọ́n lọ́wọ́. Ilé? Rárá.

Ti fóònù tiẹ̀ tún le jù. IP ti àtijọ́ ò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ fún gbogbo ayé, kò kárí, làwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń kó ọ̀pọ̀ fóònù sẹ́yìn nọ́ńbà kan ṣoṣo, bí ilé face-me-I-face-you tí gbogbo ayálégbé ń gba géètì kan jáde. Ẹni tó jókòó s'Ílọrin lè gba géètì Èkó jáde. Ká má tíì sọ ti ẹni tó tan VPN, ìyẹn áàpù tó ń fi IP ibòmíràn bo ti ẹni mọ́lẹ̀.

Ẹ gbọ́ o: tí MaxMind ò bá mọ̀ ju pé Amẹ́ríkà ni IP kan wà, àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ń fi sí tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ sì bọ́ sórí oko kan nítòsí Potwin ní Kansas. IP tó lé ní 600 mílíọ̀nù! Ọlọ́pàá ń wá, FBI ń wá, àwọn tí wọ́n lù ní jìbìtì bíi tiyín náà ń bínú wá, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń gbébẹ̀ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yẹn lu síta ní 2016 ni wọ́n tó gbé àmì náà lọ sínú omi.

Tẹ́ ẹ bá wá lọ pariwo olè lé ọmọ ọlọ́mọ lórí n'Íkẹjà ńkọ́? Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi táyà ṣe.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ló lè mọ ẹni tó lo IP yẹn nígbà yẹn, wọn ò sì ní sọ fún yín, ọlọ́pàá ló lè béèrè. Mi ò kì í ṣe lọ́yà o, àmọ́ ẹ kọ IP náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti ìṣẹ́jú, torí láìsí àkókò kò wúlò, kẹ́ ẹ kó o pẹ̀lú fake alert yẹn lọ fún wọn. Kí àwọn bọ́ìsì jókòó sílé.