Kí ni kí ẹbí béèrè kí wọ́n tó fi aláìsàn ọpọlọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò sùn mọ́, ó sì ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Dókítà ní kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó wà fún àrùn ọpọlọ. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí mo gbọ́ pé wọ́n ń so aláìsàn mọ́ bẹ́ẹ̀dì, pé wọ́n ń fipá gún wọn lábẹ́rẹ́, àti pé bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, wọn a ní kí kálukú máa lọ sílé. Ìyá wa ní ilé àdúrà ló sàn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn láti ọwọ́ nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ:

Ohun tí ẹ gbọ́ kì í ṣe àhesọ lásán. Ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn gbé ìròyìn jáde lórí ibùdó 28 tí wọ́n bẹ̀ wò ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti bá àwọn ènìyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Nínú àwọn ilé ìwòsàn ọpọlọ pàápàá, wọ́n rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ń fipá fún aláìsàn lóògùn, àwọn kan sì jẹ́wọ́ pé àwọn ń fi iná mànàmáná tọ́jú ènìyàn láì gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá wa mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwòsàn ìbílẹ̀ wà nínú ìròyìn kan náà. N kò lè gbà yín nímọ̀ràn láti sá kúrò ní ilé ìwòsàn lọ síbi tí kò sí dókítà, tí kò sí àkọsílẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ẹ lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Àwọn dókítà ọpọlọ tó wà fún gbogbo Nàìjíríà kò tó 300, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń wá ọ̀nà àtijápa. Níbi tí nọ́ọ̀sì méjì péré ti ń ṣọ́ wọ́ọ̀dù tó kún lóru, okùn a máa yá wọn lọ́wọ́ ju sùúrù lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ n kò fi ṣe àwáwí fún ẹnikẹ́ni.

Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023 ló rọ́pò òfin ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, èyí tó ka ọ̀rọ̀ aláìsàn sí ọ̀rọ̀ àtìmọ́lé ju ti ìtọ́jú lọ. Òfin tuntun yìí fún ẹ̀gbọ́n yín ní ẹ̀tọ́ láti mọ ìtọ́jú tí wọ́n fẹ́ fún un kí ó sì fọwọ́ sí i, ó sì ká àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kò lórí dídè àti títì mọ́ yàrá. Bí ó bá di dandan láti dá a dúró kí ó má baà pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lára, bẹ́líìtì tàbí aṣọ ni wọn yóò lò, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Àṣẹ dókítà àti wákàtí tí wọ́n dè é àti èyí tí wọ́n tú u gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì, nọ́ọ̀sì a sì máa yẹ mímí àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wò léraléra. Ẹ béèrè láti mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ béèrè orúkọ abẹ́rẹ́ àti ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ haloperidol, ọrùn rẹ̀ lè wọ́, ojú rẹ̀ lè yí sókè, ahọ́n rẹ̀ sì lè le. Kì í ṣe ẹ̀mí àìmọ́, kì í sì ṣe pé àìsàn náà ń burú sí i. Ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, nítorí oògùn tó ń tú u wà. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ iná mànàmáná, ìtọ́jú gidi ni fún àwọn àìsàn kan, àmọ́ ẹ má ṣe gbà á láìsí oògùn tí yóò mú un sùn pátápátá àti èyí tí yóò dẹ iṣan rẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ láìbẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 1954 ni Thomas Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Aró ní Abẹ́òkúta máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé ìtòsí, kí wọ́n sì máa wá gba ìtọ́jú. Lójú tèmi, aláìsàn tí wọ́n mọ̀ pé ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ lọ́la kì í sábà jẹ ìyà tí ẹni tí kò ní ẹnìkan ń jẹ.

Ní ti ìyanṣẹ́lódì, èyí tí JOHESU, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ṣe ní 2018 ju ogójì ọjọ́ lọ, nítorí náà ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ń lé yín jáde. Láti ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ti máa kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n wọn, ọjọ́ abẹ́rẹ́ olóṣooṣù tó gbà kẹ́yìn àti ọjọ́ tí òmíràn kàn. Bí ó bá ń lo clozapine, tí í ṣe oògùn àìsàn ọpọlọ kan, òun kò ṣeé dá dúró lójijì, ó sì ń fẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ déédéé, nítorí náà ẹ gba ìwé ìtọ́kasí sí ilé ìwòsàn mìíràn kí ẹ tó kúrò.

Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì SERVICOM, tí ìjọba yàn láti máa gba ẹ̀sùn ará ìlú, tó wà níbẹ̀. Bí wọn kò bá dáhùn, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn máa ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀sùn tó bá sì kan dókítà a máa lọ sọ́dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ àwọn dókítà. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí, wọ́ọ̀dù àti orúkọ òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kàn sínú ìwé náà, kí ẹ sì rí i pé wọ́n lu ẹ̀dà tiyín ní òǹtẹ̀.