Ọparun tàbí ọ̀pá onírílì fún ẹja ẹ̀bá bèbè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Láfẹ́nwá ni mò ń gbé l'Abẹ́òkúta, mo sì fẹ́ máa fi ìwọ̀ pa epìyà nínú odò Ògùn. Ẹnì kan ní kí n gé ọparun, òmíràn ní kí n ra ọ̀pá onírílì, èyí tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ká okùn. Ẹ̀bá bèbè ni mo máa ń jókòó sí, mi ò ní ju ìwọ̀ jìnnà. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Níbi tí ọ̀pá yín bá lè dé, ọparun ni mo fara mọ́, kì í sì í ṣe torí pé owó rẹ̀ kéré.

Orí ọ̀pá la ti ń so okùn ọparun mọ́. Ọ̀pá mítà 4 pẹ̀lú okùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó o ti tó fún ẹ̀bá bèbè. Okùn náà ò gbọdọ̀ gùn ju ọ̀pá lọ, kó lè jẹ́ pé tí ẹ bá gbé ọ̀pá nàró, ẹja á wá bá yín lọ́wọ́.

Ẹ wo bí àpáta ṣe pọ̀ nínú odò Ògùn. Inú àlàfo àpáta àti ìdí koríko ni epìyà fẹ́ràn. Ọparun ni ẹ lè fi sọ ìjẹ kalẹ̀ tààrà síbẹ̀, bí ẹni ń sọ korobá sí kànga. Tonírílì kò rí bẹ́ẹ̀: okùn rẹ̀ á sùn sórí omi, omi tó ń ṣàn á máa wọ́ ọ, á sì wọ́ kọ́ọ̀kì, ìyẹn ohun tó ń léfòó lára okùn, kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Ẹnu epìyà sì kéré, ṣe ló ń tọ́ ìjẹ wò. Bí okùn bá dẹ̀, kí ẹ tó fà á, ó ti tu ìjẹ dànù. Ìwọ̀ kékeré ni kí ẹ lò, pẹ̀lú ekòló.

Àléébù ńlá kan ṣoṣo ni ọparun ní: kò ní okùn tó lè tú fún ẹja. Bí àrọ̀ ńlá bá gbé ìjẹ tó sì sáré, okùn á já tàbí kí ìwọ̀ nà. Rílì ní bíréèkì tí ẹ lè dẹ̀, ẹja á sáré títí á fi rẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, bó bá jẹ́ àrọ̀ ńlá lẹ̀ ń wá lálẹ́, ẹ ra onírílì.

Ọparun tó gbó ni kí ẹ gé, kí ẹ sá a níbi òjìji títí á fi gbẹ dáadáa, torí tútù wúwo. Ẹ má so okùn mọ́ orí nìkan. Ẹ so ó mọ́ ọ̀pá níbi mélòó kan títí dé ìdí, kó lè jẹ́ pé bí orí bá ṣẹ́, ẹja ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wòkè kí ẹ tó gbé e nàró. Wáyà iná ń pa apẹja, ọ̀pá tó tutù sì ń gbé iná.

Bí ẹ bá dé adágún Ọ̀yán, omi tí wọ́n sé tí wọ́n sì ti ń lò láti 1983, ẹ má wọ omi láti fi lé ẹja. Àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ mú ọ̀pá tó gùn sí i, kí ẹ dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Nígbà òjò, bí wọ́n bá ṣí omi Ọ̀yán sílẹ̀, odò Ògùn máa ń kún: ẹ kúrò ní ìsàlẹ̀ bèbè lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.