Orúkọ ènìyàn kò níṣẹ́ nínú cite

Ìbéèrè yín ni pé kí gan-an ni táàgì cite, ìyẹn àmì kóòdù kan, wà fún lórí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, torí ẹni tó kọ́ yín ní HTML, èdè tí a fi ń kọ ojú ewé náà, sọ pé ẹnikẹ́ni tí ẹ bá ti yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lò, orúkọ rẹ̀ ni kí ẹ kó sínú cite. Àlàyé yìí ti sú mi í gbọ́. Ẹ pa á tì. Àkọlé iṣẹ́ ni cite wà fún: ìwé, ewì, orin, fíìmù, eré orí ìtàgé, àwòrán, àní ètò kọ̀ǹpútà pàápàá. Òǹkọ̀wé ló kọ ìwé, òun kọ́ ni ìwé.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ́ wá. Nígbà tí HTML 4.01 jáde lóṣù Kejìlá ọdún 1999, àwọn tó kọ ìlànà náà fúnra wọn ló mú Harry S. Truman, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ki orúkọ rẹ̀ bọ cite, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sínú q, táàgì àyọlò kúkurú. Kí lẹ fẹ́ kí ọmọ ẹ̀yìn ṣe? Lẹ́yìn náà ni WHATWG, ẹgbẹ́ kan tó ń kọ ìlànà HTML, là á mọ́lẹ̀ pé orúkọ ènìyàn kì í ṣe àkọlé iṣẹ́. W3C, ẹgbẹ́ kejì tó ń kọ ìlànà náà nígbà yẹn, kò gbà. HTML5 tiwọn, tó jáde lọ́dún 2014, ṣì fàyè gba orúkọ òǹkọ̀wé. Ọdún 2019 ni àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i pé ìlànà kan ṣoṣo ni HTML yóò máa lò, ọwọ́ WHATWG ló sì wà. Ẹjọ́ ti parí látìgbà náà, àmọ́ àwọn olùkọ́ kan kò tíì gbọ́.

Ẹ tiẹ̀ wo ohun tí bráwúsà ń ṣe. Ohunkóhun tó bá rí nínú cite, ítálíìkì ló máa ń sọ ọ́ dà, lẹ́tà tó tẹ̀ sápá ọ̀tún. Ta ló kọ́ ọ? Àwọn atẹ̀wé ni. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ àkọlé ìwé bẹ́ẹ̀ kí ojú òǹkàwé lè yà á sọ́tọ̀ lára ọ̀rọ̀ yòókù. Ẹ ṣí ìwé èyíkéyìí, kí ẹ wò ó bóyá orúkọ òǹkọ̀wé ni wọ́n tẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ni cite ti jogún iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ kò ní í ṣì í lò mọ́. Ẹ má sì wí fún mi pé CSS lè nà án padà. Ìrísí nìkan ni CSS ń tún ṣe.

Blockquote, táàgì àyọlò gígùn, náà ń jìyà. Torí pé bráwúsà ń fi píksẹ́lì 40 sílẹ̀ lápá òsì àti lápá ọ̀tún rẹ̀, àwọn kan sọ ọ́ di ohun tí wọ́n fi ń ti ìpínrọ̀ wọnú. Ọ̀rọ̀ tí a yọ láti ibòmíràn ló ni ín. Orúkọ ẹni tó sọ ọ́ ńkọ́? Ìta ni, báyìí:

<blockquote cite="https://example.com/iwe">
<p>Ọ̀rọ̀ tí ẹ yọ lò.</p>
</blockquote>
<p>Orúkọ òǹkọ̀wé, <cite>Àkọlé ìwé</cite></p>

Bí ẹ bá fẹ́ kí méjèèjì so pọ̀, ẹ fi táàgì figure yí wọn ká, kí orúkọ wà nínú táàgì figcaption.

Cite tó wà nínú àmì ìbẹ̀rẹ̀ blockquote yẹn yàtọ̀ pátápátá sí táàgì cite. Àdírẹ́sì ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ni, òǹkàwé kì í sì í rí i lójú ewé. Ẹni tó fi orísun pamọ́ síbẹ̀, tó ní òun ti bọ̀wọ̀ fún onímọ̀, ó dà bí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kí àgbà nínú yàrá tó tilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ẹ fi táàgì a, pẹ̀lú àdírẹ́sì nínú href rẹ̀, ṣe líǹkì tó ṣeé tẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ń gbọ́? Ayé ìsinsìnyí, wọ́n á da kóòdù ẹlòmíràn kọ, wọ́n á fi div, táàgì tí kò ní ìtumọ̀ kan pàtó, bo gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ka ìlànà mọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti q, àyọlò kúkurú ni tirẹ̀. Ẹ má fọwọ́ tẹ àmì àyọlò sí i, bráwúsà yóò fi síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Internet Explorer 7, bráwúsà àtijọ́ kan, kì í fi í sí i, ó wá di pé ọ̀pọ̀ ènìyàn pa q tì. IE 8 ti tún ìyẹn ṣe.