Bíṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ láńlọ́ọ̀dù ilé aṣẹ́wó

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sátidé tó kọjá la wà ní ṣọ́ọ̀bù báábà kan ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, bọ̀bọ́ kan wá ní láyé àtijọ́, nílùú Òyìnbó, bíṣọ́ọ̀bù kan ló ni ilẹ̀ tí àwọn aṣẹ́wó London ti ń ṣiṣẹ́, ó tún ń ṣòfin fún wọn. Mo ní irọ́ ni, mo ní tó bá jóòótọ́ màá sanwó irun ẹ̀. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí o. Ta ló jàre? (Tíṣà kan, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ má bínú, bọ̀bọ́ yẹn ló jàre. Ẹ kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀, ayé Kátólíìkì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Lóòótọ́ Ọba Henry Kẹjọ kúrò lábẹ́ Póòpù ní 1534 tí wọn ò sì ti ilé náà pa títí di 1546, àmọ́ ẹ jẹ́ ká rọra fi ìyẹn sílẹ̀.

Southwark lorúkọ àdúgbò yẹn, òdìkejì odò Thames ni, téèyàn bá ti London sọdá. Bíṣọ́ọ̀bù Winchester ló ni apá ibi tí àwọn ilé náà wà, òfin ìlú London ò débẹ̀, kódà ó ní ọgbà ẹ̀wọ̀n tiẹ̀ níbẹ̀, Clink ni wọ́n ń pè é. Ìwé òfin ilé aṣẹ́wó ọ̀hún, ọdún 1161 ló wà lórí ẹ̀, ayé Henry Kejì nìyẹn, ká sì sòótọ́ àwọn òfin kan nínú ẹ̀ dáa: onílé ò gbọdọ̀ gbà ju pẹ́ńsì 14 lọ́sẹ̀ lórí yàrá, kò gbọdọ̀ ta búrẹ́dì tàbí ọtí tàbí ẹja fún àwọn aṣẹ́wó náà (ẹ mọ̀ pé ibi gbèsè ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn), tóbìnrin bá fẹ́ máa lọ kó jẹ́ kó lọ, kọ́ńsítébù á sì máa wá yẹ ilé wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ bóyá wọ́n há ẹnikẹ́ni mọ́. Ìyàwó ilé ò gbọdọ̀ wọbẹ̀, aṣẹ́wó ò gbọdọ̀ fa ọkùnrin láṣọ wọlé, tó bá sì ti gbowó ọkùnrin, dandan ni kó sùn tì í mọ́jú. Ẹni tó bá rú u, kóòtù bíṣọ́ọ̀bù náà ló máa bu fáìnì fún un.

Èyí tó dùn mí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òkú. John Stow, òpìtàn ará London kan, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1598 pé wọn kì í sin àwọn obìnrin yìí sílẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún wọn, ó jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin náà ẹ wo Èkìtì wa níbí, kí ìjọ kan ṣáà ní àwọn ò ní sin bàbá ẹnì kan torí kò san owó ìjọ, ẹ ó rí bí gbogbo ẹbí á ṣe dìde. Àwọn yẹn sanwó fún ìjọ láyé wọn o, ìjọ gbà á, ó wá kọ òkú wọn.

Henry Kẹjọ ló fòpin sí i ní 1546, wọ́n fun kàkàkí kéde ẹ̀ láàárín ìgboro. Ilẹ̀ òkú tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ tiwọn, Cross Bones, ṣì wà ní London, àwọn èèyàn máa ń so ríbọ́ọ̀nù mọ́ géètì irin ẹ̀.

Tíṣà, ẹ lọ sanwó irun o.