Hilux fún ọ̀nà oko Òkè-Ògùn: táyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò, kẹ́ ẹ tó ro gíga

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire ọkọ̀. Ẹ ní Hilux yín wọ táyà 265/65R17, oko kajú tó wà lẹ́yìn Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lẹ fẹ́ máa gbé e lọ, ẹ wá ń béèrè bóyá ìnṣì 2 lẹ máa fi gbé e sókè ni àbí ìnṣì 4, àti irú táyà tí yóò bá a mu. Àwọn tó ti dá yín lóhùn ṣáájú mi, ìnṣì 4 ni gbogbo wọn ń pariwo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Mo ti wa irú ọkọ̀ yẹn ní irú ọ̀nà yẹn pẹ̀lú ìnṣì 4, ohun tí ojú mi rí kò kéré.

Ohun tí àwọn tó ń ta irin tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ sókè kì í sọ fún èèyàn ni pé gbígbé ara ọkọ̀ sókè kò gbé dífù ẹ̀yìn sókè, ìyẹn àpótí jíà tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì. Lẹ́yìn Hilux, ọ̀pá irin líle kan ló so táyà méjèèjì pọ̀, inú ọ̀pá yẹn ni dífù wà. Bí ẹ fẹ́ ẹ fi súpíríǹgì gbé bọ́dì kan òrùlé, dífù yẹn kò ní kúrò níbi tó wà. Táyà nìkan ló lè gbé e, ìdajì ohun tí táyà bá sì fi ga sí i ni dífù fi máa ga. 265/65R17 tẹ́ ẹ ní yẹn ga tó mílímítà 776 láti ilẹ̀ dé orí. 265/70R17 ga tó 803, 285/70R17 ga tó 831. Èyí àárín á fi mílímítà 13 gbé dífù kúrò nílẹ̀, èyí tó tóbi jù á fi bíi 27 gbé e. Ẹ lè ní kò tó nǹkan, àmọ́ lójú ọ̀nà tí katakata ti gbẹ́ ipa sí lọ́tùn-ún lósì, tí òkìtì wá dúró láàárín, ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn ló ń sọ bóyá ẹ ó kọjá àbí ọkọ̀ ó fi ikùn jókòó.

Iwájú gan-an ni wàhálà wà. Níbẹ̀, táyà kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí áàmù òkè àti áàmù ìsàlẹ̀, ṣáàfù méjì ló ń gbé agbára láti dífù iwájú lọ sídìí táyà, CV joint, ìyẹn oríkèé tó ń jẹ́ kí ṣáàfù lè tẹ̀ bó ṣe ń yí, sì wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì ṣáàfù kọ̀ọ̀kan. Dífù iwájú so mọ́ ṣáásí, ìyẹn férémù irin tó gbé ọkọ̀ ró. Tí ẹ bá gbé ṣáásí sókè, dífù bá a lọ, táyà dúró sílẹ̀, ṣáàfù wá dà gẹ̀rẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ní ìnṣì 2, ó ṣì lè fara dà á. Ní ìnṣì 4, tí wọn kò bá sọ dífù náà kalẹ̀, tí wọn kò sì pààrọ̀ áàmù òkè, CV joint á máa ṣiṣẹ́ ní ibi tí àwọn tó ṣe é kò rò pé ó máa dé láéláé.

Ẹni tó ṣe tèmi, ọ̀gá ni gbogbo ayé ń pè é. Ìwé ẹ̀rí wà lára ògiri rẹ̀. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ ṣáàfù yìí, ó ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́. Spacer irin, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń fi kún gíga, ló tò lé orí ṣọ́ọ̀kì, ọ̀kan lórí èkejì. Ẹ fi sọ́kàn pé spacer tó bá wà lórí ṣọ́ọ̀kì kì í gbé ọkọ̀ níwọ̀n bó ṣe nípọn. Àárín áàmù ìsàlẹ̀ ni ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì wà, nítorí náà ìnṣì 1 tó bá wọ òkè máa ń di nǹkan bí ìnṣì 2 nídìí táyà. Bí táyà bá sì wá já sínú kòtò, á wálẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kí áàmù òkè àti bọ́ọ̀lù jọ́ìnì rẹ̀ dé.

Kò pẹ́ tí róbà tó bo CV joint fi ya. Ìṣẹ́po róbà yẹn ń fi ara gbo ara ní gbogbo ìgbà tí ṣáàfù bá ń yí. Gíríìsì tú dà sára ríìmù, yanrìn àti ẹrẹ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀. Mo pààrọ̀ róbà, ó tún ya. Mo padà lọ bá ọ̀gá, ó ní ayédèrú ni mo rà. Mo ra ojúlówó, ó tún ya. Nígbà tó yá, tí mo bá ti yí ọwọ́ tán pátápátá, ọkọ̀ á máa dún kọ́kọ́kọ́ níwájú. Ó ní kí n má dá a lóhùn, pé bí ọkọ̀ gíga ṣe ń ṣe nìyẹn. Irọ́ gbuu ni. CV joint tó ti jẹ tán ló ń dún bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Àsìkò iṣu tuntun ni. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, a kó iṣu kún ẹ̀yìn ọkọ̀, a ń bọ̀ láti oko. A dé ibi àbàtà kan, mo fi ọkọ̀ sí 4L (jíà kékeré tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fà), mo yí ọwọ́ sósì kí n lè bọ́ kúrò nínú ipa, mo tẹná. Ohun kan dún gbàgà lábẹ́ wa. Láti ìṣẹ́jú yẹn, táyà iwájú kò fà mọ́: bí ṣáàfù apá kan bá já, ibẹ̀ ni gbogbo agbára iwájú ń ṣòfò sí, táyà kejì ò ní rí nǹkan kan. Ti ẹ̀yìn ń gbẹ́ ilẹ̀, ọkọ̀ ń rì. Ìyàwó mi wà nínú ọkọ̀, ó gbé ọmọ wa dání. Kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wa níbẹ̀, òjò tún dé, ẹ̀fọn bo ọmọ, mi ò sì lè fi wọ́n sílẹ̀ kí n rìn lọ wá èèyàn. Ilẹ̀ mọ́ kí katakata kan tó fà wá jáde. Mo sanwó katakata, mo sanwó ṣáàfù, mo sanwó síìlì dífù tó bá a lọ, iṣu tí a já sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè fúyẹ́ sì bàjẹ́ sínú ẹrẹ̀. Ọ̀gá yẹn kò dá kọ́bọ̀ padà. Ìdí nìyí tí inú fi ń bí mi bí mo bá rí ẹni tó kọ ọ́ pé "ìnṣì 4, kò sí wàhálà" láìbéèrè irú ẹrù tí ẹ̀ ń kó.

Ti bíréèkì náà tún wà. Ọ̀pọ̀ Hilux ní ọ̀pá tín-ín-rín kan lẹ́yìn tó so áàmù kékeré kan mọ́ dífù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀ bóyá ẹrù wà: bí ẹ̀yìn bá sọ̀ kalẹ̀, á jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn le sí i. Tí ẹ bá gbé ẹ̀yìn sókè, ó máa rò pé ọkọ̀ ṣófo, bẹ́ẹ̀ ẹ kó ẹrù tọ́ọ̀nù kan. Iwájú nìkan ló máa wá ń dá ọkọ̀ dúró. Àfi kí ẹ sọ fún mẹkáníìkì kó gbé ibi tí ọ̀pá yẹn so mọ́ sókè níwọ̀n bí ẹ ṣe gbé ọkọ̀, kó sì wò ó bóyá ọ̀pá róbà bíréèkì gùn tó nígbà tí táyà bá rọ̀ sílẹ̀ pátápátá. Èmi ni mo fi ojú ara mi rí i lábẹ́ ọkọ̀ mi. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi.

Ẹ má ra táyà tòkunbọ̀ fún iṣẹ́ yìí o. Ìjọba ti fòfin de kíkó o wọlé fún ọkọ̀ kéékèèké, síbẹ̀ ó kún ojú títì. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára DOT, ìyẹn kóòdù tó wà lára ẹ̀gbẹ́ táyà: 2318 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2018. Ẹ̀gbẹ́ táyà tó ti gbó máa ń bẹ́ bí òkúta bá gún un, ẹ sì mọ bí òkúta ṣe pọ̀ tó lágbègbè wa.

Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí táyà yọ síta kọjá fẹ́ńdà. Òṣìṣẹ́ kan dá mi dúró lójú ọ̀nà, ó ní ọkọ̀ mi ga jù. Mo ní kó sọ ìnṣì tí òfin gbà fún mi, kò rí nǹkan kan sọ, kò sì mú ohun ìwọ̀n kankan dání, síbẹ̀ oòrùn pa mí síbẹ̀ títí di ọ̀sán. Táyà tó yọ síta ló kọ́kọ́ fi ṣe àwáwí.

Ẹ ṣá béèrè ìnṣì mélòó. Ìnṣì 2, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Kó jẹ́ súpíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún gíga yẹn, kì í ṣe spacer. Lẹ́yìn, kó jẹ́ súpíríǹgì pẹlẹbẹ tó bá ẹrù tí ẹ̀ ń kó lójoojúmọ́ mu. Èyí tí wọ́n ṣe fún ẹrù ńlá máa ń gbé èèyàn fò bí ọkọ̀ bá ṣófo. Kí wọ́n lo U-bolt tuntun (irin tó tẹ̀ bíi U tó de súpíríǹgì mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn), kí ẹ sì tún wọn dè lẹ́yìn bíi kìlómítà 500. Dídè é kò le fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá sì ti gbé ọkọ̀ sókè tán, ẹ sáà ṣe aláínímẹ́ǹtì kíá.

Táyà: 265/70R17, irú A/T, ìyẹn èyí tó wà fún ọ̀dà àti ilẹ̀ lápapọ̀. M/T, ìyẹn táyà ẹrẹ̀, dára nínú ẹrẹ̀, àmọ́ ẹ óò máa gba orí ọ̀dà láti Ìséyìn, ó sì ń yọ̀ lórí ọ̀dà tó bá tutù. Tí ẹ bá wọ 285/70R17, nígbà tí aago bá ní 100, kìlómítà bíi 107 lẹ̀ ń sá gan-an, jíà á wúwo, clutch á máa jó lórí òkè, táyà á sì máa gbo inú fẹ́ńdà bí ẹ bá yí ọwọ́ tán. Gíga kò wo ìyẹn sàn, torí pé bí ọkọ̀ bá já sínú kòtò, táyà á ṣì wọ òkè dé ibi tó máa ń dé tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tiẹ̀ tó gbé e sókè rárá, ẹ kọ́kọ́ fi 265/70 yẹn wa òjò ọdún kan. Nínú ẹrẹ̀, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wálẹ̀ sí bíi 20 psi bí kò bá sí ẹrù, 25 bí ẹrù bá wà, ẹ rọra wà á, kí ẹ sì ní páńpù tí ẹ óò fi dá a padà kí ẹ tó gun ọ̀dà. Táyà márùn-ún ni kẹ́ ẹ rà, torí ẹ́sítírà táyà tó bá kéré ju àwọn yòókù lọ máa ń da dífù láàmú. Ẹ ní kí fọkanáísà so ó mọ́ abẹ́ ọkọ̀ lójú yín, kí ẹ rí i pé ó wọlé.

Ẹ kọ iye àpò kajú tí ẹ sábà máa ń kó lẹ́ẹ̀kan náà wá, kí n lè sọ irú súpíríǹgì ẹ̀yìn tí ẹ máa rà.