Ẹ yé fa ọwọ́ obìnrin: ìdáhùn sí ìbéèrè kan lórí salsa Kúbà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ọmọ Pópó Àgùdà ní Èkó ni mí, àdúgbò àwọn tó padà dé láti Brazil àti Kúbà, ẹni ọdún 41. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ti ń kọ́ ijó salsa Kúbà, mo sì ti mọ àrà 23; fídíò ni mo fi kọ́ èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé agbo ijó, àwọn obìnrin kì í yí nígbà tó yẹ kí wọ́n yí. Ẹnìkan ní kí n máa di ọwọ́ wọn mú gírígírí, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ń darí. Ní Sátidé tó kọjá, mo ṣe àrà tí wọ́n ń pè ní sombrero fún arábìnrin kan, ló bá pariwo èjìká rẹ̀, kò sì bá mi jó mọ́. Ṣé ọwọ́ mi ni kò lágbára tó ni, àbí àrà wo ni kí n tún kọ́ kún un?

ÌDÁHÙN: Ọwọ́ yín lágbára jù. Ẹ má sì kọ́ àrà kankan kún un.

Irú ìbéèrè yìí ti dé ọ̀dọ̀ mi láìmọye ìgbà, inú sì ń bí mi gidi sí àwọn tó ń kọ́ ènìyàn pé kí wọ́n di obìnrin mú bí ẹni di okùn ẹran mú. Ẹni tó fún yín ní ìmọ̀ràn yẹn kò mọ ijó. Ẹ má pè é ní olùkọ́.

Ọwọ́ kọ́ la fi ń yí obìnrin nínú ijó yìí. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi ń yí. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un, kí ẹ sì ṣí i lákòókò.

Ẹ jẹ́ ká mú àrà tó ń jẹ́ enchufla, torí òun la máa ń tètè kọ́ ènìyàn. Èdè Sípéènì ni, bí ìgbà tí a bá ki púlọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ìró 8 là ń kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹsẹ̀ á dákẹ́ ní ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, á tún dákẹ́ ní ẹ̀jọ. Ẹ wà nínú guapea, ìgbésẹ̀ tí a fi ń dúró de àrà: ẹ̀yin méjèèjì á fà sẹ́yìn ní ení, ẹ ó tún pàdé ní àrún, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún yín á kan òsì tirẹ̀. Ọwọ́ òsì yín ló wà nínú ọ̀tún rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Ní ẹ̀jọ, nígbà tí ẹsẹ̀ dákẹ́, ni ọwọ́ òsì yẹn ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Láàárín ení sí ẹ̀ta, ẹ̀yin á kúrò lójú ọ̀nà, òun á gba abẹ́ ọwọ́ náà kọjá, á sì yí sí òsì. Ẹ ti pààrọ̀ ipò nìyẹn. Ẹ ó wá fi dile que no, “sọ fún un pé rárá”, mú un padà.

Ẹ̀jọ yẹn ni wàhálà yín wà. Bí mo bá gbójú lé ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́, èjì lẹ tó ń gbé ọwọ́ sókè, nígbà tí obìnrin ti gbé gbogbo ara lé ẹsẹ̀ kan tán. Obìnrin tó ti gbé ara lé ẹsẹ̀ kò lè yí mọ́, àfi tí ẹ bá fagbára fà á. Ẹ sì fà á. Àkókò tó fò yín dá lẹ fẹ́ fi agbára rà padà.

Ní kíláàsì wa ní Yábàá, tíṣù tí wọ́n fi ń nu ọwọ́ ní búkà ni mo fi ń dán ènìyàn wò. A ó lọ́ ọ tẹ́ẹ́rẹ́, ọkùnrin á di etí kan mú, obìnrin á di èkejì mú, kí wọ́n wá ṣe enchufla. Bí tíṣù bá já, ọkùnrin ti fà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ilẹ̀ kíláàsì máa ń funfun fún tíṣù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lójú ọ̀nà, ọwọ́ wọn á rọ̀, obìnrin tí wọ́n ní “kò mọ ijó” á wá máa yí bí òkòtó.

Tí ẹ bá rò pé àsọdùn ni, ẹ wo rueda, ìyẹn nígbà tí ọ̀pọ̀ méjì-méjì bá jó yípo nínú agbo kan, tí ẹnìkan ń ké orúkọ àrà. Tó bá ké “dame”, “fún mi”, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan á gba obìnrin tó kàn án. Láàárín ìró 8, ọwọ́ mìíràn lẹ dì mú, gíga rẹ̀ yàtọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀. Ta ló máa ráyè fa ta? Ìlú Havana ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ èyí ní àwọn ọdún 1950. Casino ni àwọn ará Kúbà ń pe ijó náà títí dòní, láti ara Casino Deportivo, ilé ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń jó o.

Ẹ dárúkọ Pópó Àgùdà, mo sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ń lọ, torí mo ti gbọ́ ọ rí: “ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi.” Òótọ́ ni pé orúkọ ìdílé tó ti Kúbà padà wá ni Campos Square ń jẹ́. Òótọ́ ni pé bàtá ṣì ń dún ní Kúbà, tí wọ́n ṣì ń pe èyí tó tóbi jù ní iyá. Ṣùgbọ́n dídi ọwọ́ mú jó lójúkojú, ara son àti danzón, ijó Kúbà méjì, ló ti wá, kì í ṣe ara ijó òrìṣà. Bí ẹ bá dàgbà sídìí ìlù, etí yín lè yá. Ọwọ́, ẹ máa kọ́ ọ ni.

Sombrero, fìlà: ọ̀tún mú ọ̀tún, òsì mú òsì, ọwọ́ á ré orí ẹ̀yin méjèèjì kọjá sẹ́yìn ọrùn. Oríkèé èjìká ló ń yí káàkiri jù lára wa, òun náà ló sì máa ń yẹ̀ jù. Bí àtàǹpàkò yín bá ti ọwọ́ obìnrin pa níbẹ̀, kò ní ibi tó máa gbà yọ. Ẹ yọ àtàǹpàkò kúrò. Ìka ni kí ó fi rọ̀ mọ́ ìka. Bẹ́ẹ̀ náà ni àrà tó ń jẹ́ setenta, tí apá rẹ̀ ń lọ sẹ́yìn ẹ̀yìn.

Olùkọ́ ijó ni mí, n kì í ṣe dókítà, mi ò sì rí arábìnrin náà. Tí ìrora bá ju ọjọ́ mélòó kan lọ, tí kò lè gbé apá sókè, tàbí tí ìka rẹ̀ ń kú, kó lọ sí ilé ìwòsàn. Ti eegun wà ní Ìgbóbì. Tí èjìká bá ti yí ìrísí padà, ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi róòbù fà á fún un.

Fídíò yín ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti Los Angeles, níbi tí obìnrin ti ń lọ tó ń bọ̀ lórí ìlà kan. Ti Kúbà, ẹ ń yí ara yín po ni. Ẹ pa wọ́n tì fún oṣù méjì. Guapea, dile que no, enchufla, ó tán. Tí tíṣù bá wà lódindi láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé ìparí, ẹ wá bi mí léèrè sombrero.

Arábìnrin yẹn, ẹ pè é lónìí. Ẹ má dárúkọ ijó sí i. Èjìká rẹ̀ ni kí ẹ béèrè.