Káàdì bárékè kò tẹ̀lé mi dé Òṣogbo

Ọmọ mi, o ní bàbá rẹ tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ sójà kò lè tọ̀ dáadáa mọ́, pé wọ́n dá wọn padà ní ọsibítù níbí ní Òṣogbo nítorí káàdì ìtọ́jú ìlera àwọn sójà, pé ṣé kí ẹ gbé wọn lọ sí ọsibítù àwọn sójà n'Íbàdàn. Ara mi bù máṣọ nígbà tí mo kà á. Ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn.

Ọdún 1984 ni mo wọṣẹ́ ní Zaria. Mo bá ECOMOG, ọmọ ogun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, dé ojú ogun Laibéríà. Kàdúná ni mo ti fẹ̀yìn tì, ọsibítù 44 ti àwọn sójà níbẹ̀ ló sì wà lórí káàdì mi. Mo kó ẹrù wálé, mo fi káàdì sápò, mo ń yan kiri Òkè Fìà bí ẹni tí ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan, ìtọ̀ dí. Ẹni tí kò ṣe rí kò lè mọ̀ ọ́n. Abẹ́ ìdodo mi le bí ojú ìlù. Mo dúró, mo bẹ̀rẹ̀, mo di ògiri mú, ẹ̀kán kan kò jáde. Ọmọ mi fi ọ̀kadà gbé mi láti Òkè Baálẹ̀. Kò sí kòtò tí mi ò kà lójú ọ̀nà. Aago márùn-ún ìdájí la dé ọsibítù. Ọmọkùnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní orúkọ mi kò sí lórí lísìtì. Mo ní kó tún un wò. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dára. Aago mẹ́jọ, wọ́n ní kí n lọ gba kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni. Aago mẹ́wàá, ẹni tó ń fúnni ní kóòdù kò gbé fóònù. Mo ń làágùn, mo ń gbọ̀n, ọ̀gbẹ́ni yẹn ń jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà. Ọ̀sán ti pọ́n kí nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń kọjá lọ tó bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ fẹ́ kí bàbá yìí kú síbí ni?" Òun ló ki rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀ bọ̀ mí. Ìtọ̀ tó jáde ju lítà kan lọ. Mo sunkún. Mi ò sunkún ní Monrovia o!

Owó alájọ ọmọ mi la fi san gbogbo rẹ̀.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo ń fi bárékè sílẹ̀ ni pé ọsibítù tí orúkọ ẹni wà lábẹ́ rẹ̀ nìkan ló mọni. Tí èèyàn bá kó kúrò nílùú, àfi kó lọ yí i padà. Ẹ lọ yí i, ẹ mú fọ́tò dání. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ! Lórí ìwé ìfẹ̀yìntì mi, akọ̀wé kan yọ lẹ́tà "h" kúrò. Lórí NIN, ó wà níbẹ̀. "H" kan ṣoṣo yẹn gba oṣù mẹ́rin lọ́wọ́ mi. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun á bá yín sáré rẹ̀, kí ẹ fún òun ní káàdì báńkì àti nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, olè ni. Wọ́n pọ̀ nídìí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA, èyí tí wọ́n fi ń wò bóyá jẹjẹrẹ wà nínú prostate ọkùnrin, ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe é nígbà tí ìtọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dí tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ki rọ́bà bọ̀ wọ́n. Nọ́ńbà rẹ̀ á lọ sókè lásán. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ṣe tèmi, dókítà kékeré kan sì ti ń pe jẹjẹrẹ mọ́ mi lórí. Oṣù kan gbáko ni mi ò fi sùn. Jẹjẹrẹ kọ́. Agbo àtọ̀sí tí wọ́n ń tà lọ́jà Ìgbónà náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Àní, Ìbàdàn lo béèrè. Tí ìtọ̀ bá dí pátápátá, ẹ má gbé wọn wọ bọ́ọ̀sì lọ ibì kankan. Ọsibítù tó bá sún mọ́ yín jù ni, ẹ yá owó, ẹ fi ọ̀rọ̀ káàdì sílẹ̀ dọ̀la. Tí wọ́n bá ṣì ń tọ̀, tí abẹ́ ìdodo wọn kò sì le, ẹ lè lọ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹ pe ẹnìkan níbẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kó bá yín wo lísìtì.

Ìgbà wo ni wọ́n tọ̀ kẹ́yìn? Tètè dá mi lóhùn.